Ìyá Òkú Kì Í Wá Jà

Ilé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, 1997

Ìyá Àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iná ẹja, ẹ kú èéfín. Mo mọ̀ pé àsìkò yìí ni ojú máa ń ta yín jù. Mo kí Bàbá Nathaniel tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín, mo sì kí gbogbo ará ìjọ.

Ìyá, mo fẹ́ wálé. Kì í ṣe fún ọlidé. Mo fẹ́ wálé pátápátá. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi níbí tí n kò lè kọ sínú ìwé. Oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Tí mo bá fi tipátipá jẹ ẹ́, mo máa ń bì í. N kò fẹ́ rí yunifọ́ọ̀mù mi sójú, n kò sì fẹ́ dé ọsibítù tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Èmi àti Asimawu tí a jọ ń gbé yàrá kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣáà ní kí n máa bọ̀, màá wọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lè máa bá yín yan ẹja.

Èmi ọmọ yín,
Ọláníkẹ́


Efire.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 1997

Ọláníkẹ́,

A wà láàyè. Ẹja ò pọ̀, ewé orí omi ti dí ọ̀nà ọkọ̀. Ojú ń ta mí lóòótọ́.

Nathaniel ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, ó wò mí, mo wò ó. Ọmọbìnrin tí kò lè jẹun, tó ń bì, tó fẹ́ sá wálé, tó sì ní kí wọ́n má bi òun ní nǹkan kan. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, Ọláníkẹ́. O rò pé mo rí wọn he ni?

Ta ni ọkùnrin náà?

Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú, ṣùgbọ́n ìbínú kì í sọ aláboyún di ẹni tí kò lóyún. Tó bá jẹ́ oyún ni, bí i, gbé ọmọ náà wá fún mi, kí o padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ. Èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o wá jókòó tì mí nídìí ẹja yíyan. Èéfín yìí ti mú ojú mi kan lọ. Mi ò ní fi tìrẹ kún un.

Nathaniel ní kí n fi ẹsẹ Bíbélì kan sí i nípa àgbèrè. Mo ní kí ó fi sínú lẹ́tà tirẹ̀.

Ẹja wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Dáhùn kíá.

Èmi ni, Ìyá Bùsúyì, ìyá bàbá rẹ. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i.


Efire.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún, 1997

Ọláníkẹ́,

Mi ò kí ọ. Ẹni tí kì í dáhùn kò gba kíkí.

Awakọ̀ ní òun fi lẹ́tà àti ẹja lé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì yín lọ́wọ́. Tí ẹ̀ṣọ́ bá jẹ ẹja, kò lè jẹ lẹ́tà. Mo ti retí rẹ títí. Epo ọkọ̀ ti wọ́n, mọ́tò ò lọ dáadáa, ìyẹn ni mo fi ń tan ara mi jẹ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń kó ẹja lọ, ó sì ń padà wá. Lẹ́tà rẹ nìkan ni kò rọ́kọ̀ wọ̀.

Obìnrin kan tó ń ná ọjà Àgọ́-Ìwòyè sọ fún mi pé òun rí ọ níbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, pé o jókòó sábẹ́ igi bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Mo bi í pé, "Ikùn rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní ikùn rẹ fẹ́lẹ́, pé o tilẹ̀ rù. Tí kì í bá ṣe oyún, kí ni? Ṣé o jalè ni? Ṣé wọ́n lù ọ́ ni? Ṣé wọ́n ti lé ọ ni, tí o wá ń rìn kiri ọjà?

O ní kí n ní kí o máa bọ̀. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹni tí kò sọ ohun tó lé e, mi ò lè ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí mi ò mọ ohun tí yóò bá a wọlé.

Èmi ni.


Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 1997

Ìyá Àgbà mi,

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Lẹ́tà yín méjèèjì dé, ẹja náà dé, ẹ̀ṣọ́ kò jẹ ẹ́. N kò lóyún. N kò jalè, ẹnikẹ́ni kò sì lù mí. Lẹ́tà yín àkọ́kọ́ dùn mí débi pé n kò lè mú bírò.

Búrọ̀dá Mùbàṣírù télọ̀ ní Màkún-Omi ni mo fi èyí ránṣẹ́ sí, pé kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi wá kà á fún yín. N kò fẹ́ kí Bàbá Nathaniel rí i. Àwọn ni akọ̀wé ìjọ. Tí wọ́n bá ti kà á, gbogbo ìjọ ti kà á nìyẹn.

Ìyá, mo fọwọ́ kan òkú.

Ọmọbìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, Ọmọ́títí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlápòrú. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Ẹgbẹ́ ni wá. Èmi ni mo máa ń bá a di irun tí iṣẹ́ bá dẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi lọ́jọ́ kan tó sáré lọ sílé lọ mú aṣọ wá. Ọjọ́ náà ló kú. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Sísítà àgbà ní kí èmi àti Asimawu tún un ṣe kí wọ́n tó gbé e lọ sí mọ́ṣúárì. A wẹ̀ ẹ́, a pa ojú rẹ̀ dé, a fi aṣọ wé e. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n ní kí a lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, mo sá wọ yàrá tí a ń kó aṣọ sí. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ ọmọ mi dà?" Láti ìgbà náà ló ti ń wá sẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ wa. Kì í pariwo. Yóò kàn dúró níbẹ̀, yóò ní òun fẹ́ rí nọ́ọ̀sì kékeré tó máa ń di irun. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ ṣépè fún mi ni. Ó fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ kí ọmọ òun kú lẹ́yìn òun. Nígbà tí mo bá rí i lókèèrè, mo máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ìdí tí wọ́n fi rí mi ní Àgọ́-Ìwòyè nìyẹn.

Asimawu náà kò sọ nǹkan kan. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé pé n kò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìkòkò àwa méjèèjì kò pàdé rí. Òun á máa se tirẹ̀ níwájú, èmi á wà lẹ́yìn ilé.

Ẹ sì mọ òfin ìjọ wa. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú kò gbọdọ̀ wọ sutánà títí wọn yóò fi yà á sí mímọ́. Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ yìí kò ní jẹ́ kí n mọ́ láéláé. Ìyá ìjọ ni yín. N kò fẹ́ dójú tì yín.

Olùkọ́ wa ní tí n kò bá padà sí wọ́ọ̀dù kí oṣù Kẹfà tó parí, kí n kó ẹrù mi. N kò rò pé mo lè padà.

Ọláníkẹ́


Efire.
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 1997

Ọláníkẹ́, ọmọ Bùsúyì,

Mo kí ọ. Mùbàṣírù ọmọ Bàdírù ló ń kọ èyí. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó ti Nathaniel, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ló ń kọ. Nathaniel a máa sọ ọ̀rọ̀ mi di Bíbélì.

Mo ní o lóyún, o ò lóyún. Ó parí. Ìwọ náà lo kọ lẹ́tà bí aláboyún.

Ọ̀rọ̀ ìjọ ló rọrùn jù, jẹ́ kí n gbé e kúrò nílẹ̀. Mo lọ bá Wòlíì. Mo ní, "Wòlíì, Ọláníkẹ́ wẹ òkú." Ó ní o ti di aláìmọ́. Mo ní, "Ta ló wẹ ìyá yín nígbà tí wọ́n kú?" Ó ní àwọn obìnrin kan ni. Mo ní, "Àwọn yẹn ńkọ́, wọ́n ti wá mọ́ báyìí?" Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣàwàdà. Mo ní mi ò ṣàwàdà, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí á gbé Wòlíì sin láìwẹ̀, pẹ̀lú òógùn lára, lọ́jọ́ tirẹ̀. Ìgbà tó yá, ó ní tí o bá ti ń wálé, kí o kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ òun, kí òun fi omi ìyàsímímọ́ wọ́n ọ, kí o wá lọ wọ sutánà rẹ. Omi kì í tán ní Efire. Ìyẹn kúrò nílẹ̀.

Ó ku obìnrin ẹnu géètì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, nítorí kò sí ohun tí o fẹ́ fi ṣe. O ti ní ohun tí wàá fi ṣe báyìí. O kéré gan-an nígbà tí bàbá rẹ kú sínú ọ̀sà. Ìjì ló dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Wọ́n wá a títí, Bàdírù ló rí i. Ó bẹ́ sómi, ó gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ wà á dé èbúté. Wọn ò jẹ́ kí n dé etí omi. Wọ́n ní ìyá kì í rí òkú ọmọ. O mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn, èmi náà ti bá wọn dí ọ̀nà mọ́ obìnrin mìíràn rí. Wọ́n sin ín, mi ò rí i.

Gbogbo èèyàn ló wá kí mi. Bàdírù nìkan ni kò wá. Tó bá rí mi lọ́nà, á gba ẹ̀yìn ilé bí ìwọ náà ṣe ń ṣe yẹn. Ó fi omi sílẹ̀, ó jókòó sílé, ó ń hun àwọ̀n tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ kó hun. Àwọn kan ń sọ pé ó mọ nǹkan nípa ikú náà. Kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù mi ló ń bà á. Ó rò pé màá ní kí ló dé tí òun ò tètè débẹ̀.

Mo lọ bá a nílé. Ó dìde, ó fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo ní, "Bàdírù, jókòó. Mi ò wá jà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja ti jẹ ojú ọmọ mi."

Mùbàṣírù ti gbé bírò sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀. Mo ní kí ó mú un, kí ó máa kọ.

Bàdírù ní rárá, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ méjèèjì. Mo ní, "Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní ó là díẹ̀, òun sì pa á dé. Mo ní, "Ṣé ìhòòhò ló wà?" Ó ní omi ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun bọ́ tòun, òun fi bò ó kí ọkọ̀ tó dé èbúté, kí àwọn tó ń wòran má baà rí i. Mo ní, "O ṣé." Mo padà sílé, mo sùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ròyìn fún mi, mi ò tíì sùn.

Ohun tí obìnrin yẹn ń wá kiri nìyẹn. Wọn ò jẹ́ kí ó rí ọmọ rẹ̀. Ìwọ lo rí i gbẹ̀yìn. Ojú rẹ ló fẹ́ yá. Kí ni wòlíì fẹ́ sọ fún un? Kí ni dókítà fẹ́ sọ fún un? Ìyá òkú kì í wá jà. Tó bá fẹ́ jà, ìdí géètì kọ́ ni ì bá dúró sí.

Lọ bá a. Má sọ fún un pé Ọlọ́run ló fún un, Ọlọ́run ló gbà á. A ti gbọ́ ìyẹn tó. Ohun tó bá bi ọ́ ni kí o dáhùn. Tó bá burú, má purọ́, ṣùgbọ́n má kánjú sọ ọ́. Tó bá sì gbá ọ létí, kí ó gbá ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní le.

Ọ̀rọ̀ Asimawu wá kù. Kì í ṣe èmi ni mo dá Bàdírù padà sórí omi. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Àwọn apẹja wa kì í gbé òkú dé èbúté kí wọ́n tú ká lébi. Inú àwo kan ni wọ́n ti máa ń jẹun kí kálukú tó lọ. Lọ́jọ́ ti bàbá rẹ, ariwo ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n rántí, ni kálukú bá gbé ọ̀rọ̀ òkú náà lọ sílé tirẹ̀, ó ń bá wọn sùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ti lọ rí Bàdírù, wọ́n gbé oúnjẹ lọ bá a, wọ́n jẹ ẹ́, kò pẹ́ sígbà náà ó wọ ọkọ̀.

Mo ní kí o má jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Ẹni tí o kò mọ̀ ni mo ń wí. Ẹni tí ẹ jọ wẹ òkú, kí ló kù tí o ò mọ̀ nípa rẹ̀? Ẹja wà lọ́wọ́ Mùbàṣírù tí yóò mú èyí wá. Ẹ jọ sè é nínú ìkòkò kan. Tí Asimawu bá ní Mùsùlùmí ni òun, ní kí ó bi ẹja léèrè ẹ̀sìn tirẹ̀. Mùbàṣírù ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní sọ pé kí o máa bọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ti rí obìnrin náà, tí o sì tún fẹ́ wálé, máa bọ̀. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́.

Èmi ni.


Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 1997

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ọjọ́ tí ẹ ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́, nítorí náà màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

A se ẹja náà. Asimawu ní iyọ̀ mi pọ̀, mo ní ata rẹ̀ pọ̀. Ó jẹun díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sínú àwo. Ó ní, "Mo rò pé ìwọ lo ń bínú sí mi. Mo rò pé mo ṣe nǹkan tí kò dáa lọ́jọ́ yẹn." Mo ní kí ló ṣe. Ó gbé àwo lọ fọ̀.

A kò dúró de ìyá náà ní géètì mọ́. Àwa méjèèjì la jọ lọ sí Ìlápòrú. Ó ń fi ọ̀bẹ bẹ ẹ̀gẹ́ nígbà tí a dé. Ó rí yunifọ́ọ̀mù wa, kò dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó. Èwo nínú yín ni?" Mo ní èmi ni. Ó ń gé ẹ̀gẹ́ náà lọ.

Ó ní, "Ṣé ó pè mí?"

Ìyá, mo ti ń bẹ̀rù ìbéèrè yẹn láti ilé. Mo rántí pé ẹ ní kí n má purọ́. Mo ní rárá, kò pè yín. Ọmọ́títí kàn bi mí bóyá òjò ń rọ̀ níta. Mo ní òjò ò rọ̀. Ó ní ó dáa, màámi ò ní tutù lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ìyá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Òjò ò rọ̀ lóòótọ́. Inú oòrùn ni mo rìn wá." Ó tún ní, "Irun rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti dì nígbà tí mo ń lọ."

N kò rántí pé a parí irun náà. Asimawu ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo dì í tán, mà. Nígbà tí Ọláníkẹ́ lọ pọn omi, mo di ẹ̀gbẹ́ kejì. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kò wù mí kí ó lọ pẹ̀lú irun ẹ̀gbẹ́ kan." Ohun tó rò pé òun ṣe tí kò dáa nìyẹn.

Obìnrin náà di ọwọ́ Asimawu mú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọjà. Ó ní, "Ọwọ́ yìí ni?" Asimawu ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó se ẹ̀gẹ́ náà fún wa, a jẹ ẹ́.

Mo ti padà sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sá nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ dé. Mo dúró.

Ọmọ yín,
Ọláníkẹ́


Efire.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án, 1998

Ọláníkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí Asimawu. Nathaniel ló ń kọ èyí, òun náà kí yín. Kò bá mi wí mọ́ pé mo fi télọ̀ rọ́pò òun.

O ní o fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, pé Asimawu yege, pé ojú ń tì ọ́ láti ní kí ó kọ́ ọ. Ojú wo ló ń tì ọ́? Ẹni tó ti rí ọ tí o ń bì sínú garawa. Ní kí ó kọ́ ọ. Tó bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, jẹ́ kí ó ṣe é tán, kí o wá ṣí ìwé. Àwọ̀n tó bá ya, a kì í torí rẹ̀ bínú sí ọ̀sà. Tún un ṣe.

Mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ wálé nínú èyí. O ò sì sọ ọ́. Mo rí i pé o ò sọ ọ́.

Èmi ni.


Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, 1999

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ jókòó dáadáa kí Bàbá Nathaniel tó kà á. Mo yege. Asimawu náà yege. Nọ́ọ̀sì ni mí.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ wa lóṣù tó ń bọ̀. Àyè kò pọ̀. Wọ́n ní ẹni méjì péré ni kálukú lè mú wọlé. Ẹ̀yin ni ẹnì kìíní. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ bá mi yan ẹnì kejì, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí mi ní Efire.

Ọláníkẹ́, ọmọ Bùsúyì


Efire.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, 1999

Nọ́ọ̀sì,

Mo kí ọ. Nígbà tí Nathaniel kà á débi tí o ti ní o yege, ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń ka ìkéde ìjọ. Mo ní kí ó tún un kà jẹ́jẹ́, kí n lè gbọ́ ọ.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ jẹ́ ẹnì kejì. Wòlíì ní òun ló gbàdúrà. Nathaniel ní òun ló ń kọ lẹ́tà, ó sì ti ra bàtà. Bàdírù nìkan ni kò béèrè. Ó ní òun ni òun máa wa ọkọ̀ gbé mi dé Màkún-Omi, òun á sì dúró dè mí níbẹ̀ títí n ó fi dé.

Ìyá Ọmọ́títí ni ẹnì kejì. Lọ sí Ìlápòrú, sọ fún un pé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Tó bá ní kí ni òun fẹ́ wá ṣe níbi ayẹyẹ ọmọ ọlọ́mọ, sọ fún un pé kò sí ohun tó fẹ́ ṣe, kí ó ṣáà wá jókòó tì mí. A ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá kọ̀, má fi dandan mú un. Ránṣẹ́ sí mi, èmi yóò lọ bá a fúnra mi.

Mi ò gbọ́ òyìnbó, òun náà ò gbọ́ ọ, nítorí náà ní kí Asimawu ṣẹ́jú sí wa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ rẹ. Tí wọ́n bá pè é, àwa méjèèjì la máa dìde. Tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn bá ní a dí òun lójú, kí ó fara dà á.

Èmi ni, Ìyá Bùsúyì.